Èlùbọ́ Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Agége

Glasgow,
Ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Agége pè yín sọ, pé mo fi ẹrù èlùbọ́ àti ẹja tí ẹ dì fún mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló mú mi kọ̀wé, torí lórí fóònù ẹ ò jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, ẹ ṣáà ń sunkún.

Òótọ́ ni, mi ò gbé ẹrù yẹn. Ẹ̀yin lẹ bó iṣu, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ sá a sórí àpáta, ẹ gún un, ẹ kù ú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè wí fún yín lójúkojú ní Ṣakí. Mo jẹ̀bi pé mo fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n pé mo fojú tín-ín-rín iṣẹ́ ọwọ́ yín, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé Àǹtí ni, àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ rò ó?

Tíkẹ́ẹ̀tì mi gba àpótí méjì, kílò 23 lọ́kọ̀ọ̀kan, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni bàálù ń gbé ẹrù dé. Láti ibẹ̀ mo wọ bọ́ọ̀sì òru wá síbí, ó ju wákàtí mẹ́jọ lọ, mi ò sì tíì nílé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sùn ní pálọ̀ ọmọ ìjọ wa kan, mo kó lọ sí yàrá tí mo háyà fún oṣù kan, ìkẹta nìyí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olókùúta àtijọ́ ló pọ̀ níbí, alájà mẹ́rin, àtẹ̀gùn nìkan la fi ń gòkè. Òkè pátápátá ni mo wà. Bọ̀dá kan tí a jọ wọ bàálù gbé àpótí méjì rẹ̀. Táyà àpótí kan yọ lójú pópó, ilé onílé ní Lọ́ńdọ̀nù ni àpótí náà wà dòní.

Báàgì kan ṣoṣo ni mo gbé kọ́ ẹ̀yìn, kílò mẹ́sàn-án. Ṣòkòtò méjì, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, súwẹ́tà kan, àwọ̀tẹ́lẹ̀, oògùn, àwọn ìwé ẹ̀rí mi. Bàtà tó wúwo jù, ẹsẹ̀ mi ni mo wọ̀ ọ́ sí. Mò ń fọṣọ lálẹ́, ó ń gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀wù òtútù tí ẹ ní kí n rà ní ọjà òkìrìká Kàtángúà, ibí ni mo ti rà á, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ tí àwọn èèyàn fi tọrẹ. Kò wọ́n, ó sì nípọn. Ìyà ò jẹ mí, Màámi.

Ohun tí Àǹtí ò sọ fún yín ni pé mo tú ẹrù yẹn kí n tó lọ. Mo mú ìró àdìrẹ tí ẹ fi di ẹja. Òun ni mo fi bora nínú bọ́ọ̀sì, òun ni mo tẹ́ sórí àga tí mo sùn, òun ni mo fi ń nura kí n tó ra táwẹ́ẹ̀lì. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òórùn ẹja yín ò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ṣé owó tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ ti dé? Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni o, n ò fi bẹ̀ yín. Ṣé ẹ ti rà á? Ṣé ẹ̀ ń lò ó lójoojúmọ́, àbí ìgbà tí orí bá fọ́ yín nìkan?

Ọdún kan ni mo gba yàrá yìí, àyè ti wà. Ọmọléèwé kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù kìíní, ó ní òun lè bá mi mú kílò mẹ́ta. Kí Àǹtí wọn èlùbọ́ náà sínú ọ̀rá méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ẹran ìgbẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ má fi wàrà sí i. Wọn kì í jẹ́ kí ẹran àti wàrà láti ọ̀dọ̀ wa wọ ìlú yìí, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀, ọmọ ọlọ́mọ á wá kó sí wàhálà. Èyí tó bá kù, kí Àǹtí máa rò ó jẹ kí kòkòrò tó wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò bínú.

Èmi ọmọ yín,
Àkànní