Igi Agbálùmọ̀ Tí Kò So Lọ́dún Yìí Kò Yàgàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn igi eléso tí wọ́n ń gé kiri ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó ló mú mi kọ̀wé sí yín, nítorí ó ti ń dùn mí jù. Bí igi agbálùmọ̀ kò bá ti so dáadáa lọ́dún kan, ẹ ó gbọ́ tí onílẹ̀ á ní ó ti yàgàn. Kò ní pẹ́ tí àwọn agégẹdú á fi dé ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìsinmi ni igi náà ń sinmi.

Agbálùmọ̀ àti àwín ni mo ń tà, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi ni. Lórí ìdúró la ti máa ń ra èso igi. Bí ó bá ti yọ tí kò tíì pọ́n, a ó lọ bá ẹni tó ni ilẹ̀, a ó gbójú sókè wo ẹ̀ka tó ní èso, a ó dúnàá dúrà, a ó sì sanwó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń rà á jẹ ní ọjà Òkè Àjẹ lè má mọ̀ ju pé agbálùmọ̀ wọ́n lọ́dún yìí, ó sì pọ̀ léṣìí. Àwa mọ igi tó so, a sì mọ èyí tó kọ̀. Igi kan wà lẹ́bàá odò, nínú oko kòkó àtijọ́ kan, tó jẹ́ pé bó bá so lọ́dún kan, ẹ̀rù a máa bà mí kí ẹ̀ka rẹ̀ má ya. Ní ọdún kejì, ekukáká la ó fi rí agbọ̀n kan lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe láti ìgbà tí ìyá mi ti ń rà á. Ìyá mi á máa bẹ onílẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé obìnrin tó bí ìbejì léṣìí, a kì í bi í léèrè oyún lọ́dún yìí.

Ìdí wà tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò ni agbálùmọ̀ ń yọ òdòdó, òdòdó wẹ́wẹ́ ní ìdí ewé, tí ẹni tí kò bá wòkè dáadáa kò ní rí. Èso á wà lórí igi fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, láti Dìsẹ́ńbà wọ Épírì ló sì ń pọ́n. Ní gbogbo àsìkò yẹn, oúnjẹ tí igi kó pamọ́ sára ló ń ná. Kò tíì bọ́ sípò tán tí àsìkò òdòdó mìíràn fi dé. Àwọn onímọ̀ rí i lára mángòrò pé bí èso bá pọ̀ jù lọ́dún kan, a máa dí òdòdó ọdún kejì lọ́nà. Bí òjò ńlá bá tún rọ̀ léraléra nígbà òdòdó, á gbọ̀n ọ́n dànù, kòkòrò tó ń ti òdòdó kan bọ́ sí èkejì kò sì ní lè jáde. Oògùn tí a ń fọ́n sí kòkó ń pa lára àwọn kòkòrò yẹn pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí igi orí òkè fi lè kọ̀ kí ti ẹ̀bá odò so, nínú oko kan náà.

Àwín náà, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń pọ́n. Ìyeyè àti òro di ìgbà òjò. Lọ́dún tí agbálùmọ̀ bá já wa kulẹ̀, àwín a máa gbà wá. Ọdún tí àwọn méjèèjì bá jọ kọ̀ a máa le.

Ọmọ mi obìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó ló sọ fún mi pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn igi oak a máa jọ so wìtìwìtì lọ́dún kan, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Kò sí ẹni tó ń torí ẹ̀ pè wọ́n ní àgàn. Ó tún sọ ti igbó Lopé ní Gabon, èyí ni kò sì jẹ́ kí n sùn. Láti 1986 ni àwọn onímọ̀ ti ń wo orí igi níbẹ̀ lóṣooṣù, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀: èyí tó yọ òdòdó, èyí tó so, èyí tí kò so. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bí erin bá kan igi mẹ́wàá, á rí ọ̀kan tí èso rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2020, ó ti ju igi 50 lọ kí ó tó rí ọ̀kan. Àwọn erin náà ti ń rù. Wọ́n ní òru kò tutù tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn igi kan níbẹ̀ kò sì ní yọ òdòdó bí òtútù òru kò bá wálẹ̀ dé ìwọ̀n 19 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì.

Erin irú ti Gabon yẹn wà nínú Igbó Omo tiwa níhìn-ín títí dòní, igbó tí UNESCO kà mọ́ àwọn tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú ní 1977. Kí ni àwa mọ̀ nípa èso inú rẹ̀? Bí agbálùmọ̀ wa bá kọ̀ lọ́dún méjì tẹ̀léra, ṣé ìsinmi ni àbí ojú ọjọ́ ló ti yí padà? N kò lè sọ, onílẹ̀ kò lè sọ, agégẹdú kò tilẹ̀ béèrè. Ará Gabon lè sọ tiwọn nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn igi tí mo ń rà, mọ̀lẹ́bí kan ti tà á fún onígẹdú. Owó tí wọ́n gbà kò tó ohun tí èmi ń san fún wọn ní ọdún méjì tí igi náà bá so dáadáa. Bí a bá sì fi kóró gbin òmíràn síbẹ̀ lónìí, ọmọ tí a bí lọ́dún yìí á ti wọ iléèwé kí ó tó so àkọ́so. Ẹ̀yin onílẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí igi bá so díẹ̀, ẹ ní sùúrù fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń gun igi máa gé ẹ̀ka lulẹ̀ torí èso; orí ẹ̀ka yẹn ni èso mìíràn ìbá tún ti yọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin Olóòtú ni pé kí ẹ fún wa ní àyè kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín lóṣooṣù. Kí àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa fi ránṣẹ́ síbẹ̀: igi wo, ìlú wo, oṣù tó yọ òdòdó, oṣù tó pọ́n, bóyá ó so púpọ̀ tàbí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi. Ìjẹ̀bú-Igbó: agbálùmọ̀ ẹ̀bá odò so díẹ̀ lọ́dún yìí, ó tún ti ń yọ òdòdó báyìí ní ìparí Épírì, àwín so púpọ̀, ó sì tán nílẹ̀ ní Máàṣì.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alágbálùmọ̀,
Ìjẹ̀bú-Igbó.