Kí fọ́tò tí a yà láti ojú fèrèsé bàálù máa ní ọjọ́ àti orúkọ ibi

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo gbádùn ojú-ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún fọ́tò tí àwọn òǹkàwé yà láti ojú fèrèsé bàálù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọjọ́, wọn kò sì sọ ibi tí à ń wò. Omi àti iyanrìn lásán ni. Ó lè jẹ́ Kútọnu, ó sì lè jẹ́ Lọ́mé.

Etíkun wa ló mú mi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ èbúté Kútọnu láàárín ọdún 1960 sí 1965, tí ògiri rẹ̀ sì ń dá iyanrìn tí omi ń gbé lọ sí ìhà ìlà-oòrùn dúró, ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ àti ilé àwọn èèyàn ní ìhà náà. Bí a bá ní fọ́tò méjì tí a yà láti òkè, tí ọdún wọn sì jìnnà síra, ẹnikẹ́ni á rí i kedere.

Nígbà tí bàálù bá ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Kútọnu láti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níhìn-ín, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀sà Nokoué àti Ganvié, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí omi ọ̀sà náà, máa ń wà, òkun á sì wà lọ́wọ́ òsì. Kí ẹni tó bá fẹ́ etíkun béèrè àga ọwọ́ òsì, níwájú ìyẹ́ bàálù, nítorí ooru tí ẹ́ńjìnnì ń tú sẹ́yìn máa ń sọ àwòrán di bàìbàì. Fèrèsé náà kì í ṣe dígí. Rọ́bà líle ni, ó sì sáábà máa ń jẹ́ ìpele mẹ́ta, èyí tó ń dá ìmọ́lẹ̀ inú bàálù padà sínú fọ́tò, títí kan aṣọ ayàwòrán fúnra rẹ̀ (ẹ̀yin tí ẹ ń wọ léèsì funfun rìnrìn-àjò, ẹ gbọ́ o). Ẹ pa iná fóònù, ẹ fi aṣọ dúdú bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sún un mọ́ fèrèsé láìjẹ́ kó kàn án, nítorí pé fèrèsé ń gbọ̀n.

Ní tiyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gba fọ́tò tí kò ní ọjọ́ mọ́. Fóònù ń tọ́jú ọjọ́ àti wákàtí sínú fọ́tò, ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò nígbà tí a bá fi ránṣẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe. Nítorí náà, ímeèlì ni kí ẹ ní kí wọ́n máa lò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Àjàṣẹ́