Lẹ́tà sí Àkànní lórí ìbọn tí ó fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹni tí kò rí rí

Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé, orúnkún bàbá rẹ náà sì ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo rí àwọn fọ́tò àti ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nípa ìbọn ọdẹ tí o fẹ́ rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ní Florida ni òun wà, nígbà tí ìwọ wà ní Texas. O ní kí n gbàdúrà sí i. Èmi yóò gbàdúrà, ṣùgbọ́n mo ti ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fẹ́ kí o di owó rẹ mú títí o ó fi ka lẹ́tà yìí tán.

N kò bá ọ wí nítorí pé o fẹ́ ní ìbọn. Bàbá mi tí ó bí mi, igbó Dogo ni ó ti ń pẹran bọ́ wa, bí ìwọ náà bá sì fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ tí òfin ti gbà ọ́ láyè, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ẹni tí o fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń kọ mí lóminú.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe ní Àjàṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdí fèrèsé ni mo jókòó sí, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gba owó tí a fi ránṣẹ́ sí wọn láti òkè òkun. Àwọn ọmọkùnrin oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní gayman máa ń wá síbẹ̀. Ọmọ náà á to fóònù mẹ́ta sílẹ̀ níwájú mi, á sì na àtẹ́lẹwọ́ tí ó fi bíróò kọ nọ́ńbà owó náà sí, àmọ́ bí mo bá bi í pé ta ni ó fi owó ránṣẹ́ sí i, kì í lè pe orúkọ òyìnbó náà já gaara. Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé orúkọ kan náà ni ó máa ń padà wá. Ẹni tí ó bá ti fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ tí kò sí níbì kankan yóò tún fi òmíràn ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ti ẹ̀ẹ̀kejì a sì máa ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó fẹ́ gba ohun tí ó ti sanwó rẹ̀. Láti ìgbà tí òfin lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti jáde ní ọdún 2018, wọ́n ti ń kó irú wọn lọ sẹ́wọ̀n níhìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ní ìlú kan pàtó, òyìnbó tí ń ṣe é fún òyìnbó bíi tirẹ̀ pọ̀ jù.

Wo ohun tí ọkùnrin Florida yìí kọ. Iye tí ó ń bèèrè jẹ́ ìdajì iye tí o ní wọ́n ń tà á nílé ìtajà. Ó ní ológun ni òun, pé wọn yóò gbé òun lọ sí òkè òkun lọ́jọ́ Ẹtì, pé olùbẹ̀rù Ọlọ́run ni òun, pé ẹlòmíràn méjì ti ń bèèrè ìbọn náà. Nígbà tí o ní kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní ìwé nìkan ni òun lè kọ. Kí ni ń lé ọ? Ìwọ náà ni o sọ fún mi pé ó di oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn dọdẹ àgbọ̀nrín ní Texas. A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, bẹ́ẹ̀ sì ni ìkánjú tí ó ń kó bá ọ yìí, òun gan-an ni ọjà tí ó ń tà.

Lẹ́yìn náà, wo fọ́tò kejì dáadáa. Ó ní òun yà á lẹ́yìn ilé òun láàárọ̀ ọjọ́ tí ó fi ránṣẹ́. Fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà, kí o wo abẹ́ igi tí ó fi ìbọn tì: yìnyín ni ohun funfun tí ó wà nílẹ̀ yẹn. Èmi tí n kò fojú ara mi rí yìnyín rí mọ̀ pé kì í bọ́ ní Florida nínú oṣù Kẹjọ. Ó jí fọ́tò náà níbì kan ni. Bí o bá fi fọ́tò bẹ́ẹ̀ wá a lórí Google, ó ṣeé ṣe kí o bá a nínú ìpolówó àtijọ́ tí ẹlòmíràn ṣe. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní ìbọn tí òun fẹ́ tà fún ọ, ní kí ó kọ orúkọ rẹ àti déètì ọjọ́ náà sórí tákàdá, kí ó gbé e lé ara ìbọn náà, kí ó sì ya fọ́tò méjì láti ọ̀nà tí ìwọ fúnra rẹ yàn. Ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí èyí. Ẹni tí kò ní in yóò máa bínú pé o kò fọkàn tán òun.

Ọ̀rọ̀ tí ó bà mí lẹ́rù jùlọ ni èyí tí inú rẹ dùn sí, níbi tí ó ti ní òun yóò fi ìbọn ránṣẹ́ tààrà sí ẹnu ọ̀nà rẹ, pé kò sí ìdí láti gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò kankan kọjá. Mo pe àbúrò mi tí ó wà ní Houston, ó sì ṣàlàyé fún mi. Òfin ìbọn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1968 kò gbà kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìṣòwò ta ìbọn tààrà fún ẹni tí ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ, tí ó wà nítòsí rẹ ní Texas, ni ìbọn náà gbọ́dọ̀ wá. Ibẹ̀ ni ìwọ yóò ti kọ fọ́ọ̀mù 4473, tí wọn yóò sì fi orúkọ rẹ wá ọ wò nínú ètò àyẹ̀wò tí FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti ń bójú tó láti ọdún 1998. Nítorí náà, yálà ọkùnrin yìí kò ní ìbọn kankan, tàbí ó ní in, tí ó sì fẹ́ sọ ìwọ náà di arúfin. Èwo nínú méjèèjì ni o fẹ́? Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ yẹn, tí o rò pé ó kàn ń fi àkókò àti owó ṣòfò, òun ni ó máa ń gba àwọn olùrajà sílẹ̀, nítorí olè kì í fẹ́ kí ẹnì kẹta tí ìjọba mọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Àmọ́ o, àwọn kan ti kọ́gbọ́n sí ìyẹn pẹ̀lú. Wọ́n á fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ oníṣòwò gidi ránṣẹ́ sí ọ, orúkọ ilé ìtajà náà yóò pé, nọ́ńbà rẹ̀ yóò pé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù àti íméèlì tí wọ́n fún ọ yóò jẹ́ tiwọn. Àjọ ATF tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn ní ojú ewé kan tí wọ́n ń pè ní FFL eZ Check. Bí o bá tẹ nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ àti márùn-ún ìkẹyìn ìwé àṣẹ náà síbẹ̀, yóò fi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ni í hàn ọ́. Má dúró níbẹ̀. Fúnra rẹ wá nọ́ńbà fóònù ilé ìtajà náà láti ibòmíràn, kí o pè wọ́n, kí o bèèrè bóyá àwọn ni ó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ohun tí ó dára jù ni pé kí ìwọ kọ́kọ́ yan oníṣòwò tìrẹ ní Houston, kí o rìn lọ bá a, kí o bèèrè iye tí yóò gbà, kí òun sì fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ń ta ìbọn.

Ní ti owó, o ní Zelle, ètò tí a fi ń fowó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, ni ó ní kí o fi san án, tàbí káàdì ẹ̀bùn. Káàdì ẹ̀bùn! Ẹni tí ń ṣòótọ́ kì í ní kí o lọ ra káàdì ẹ̀bùn láti fi sanwó ìbọn fún òun. Owó tí a bá fi Zelle san máa ń wọ àpò ẹni náà lójú ẹsẹ̀, báńkì kì í sábà lè gbà á padà nígbà tí ó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ni o fi ránṣẹ́. PayPal tí a fi ń sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbà kí a fi òun ra ìbọn rárá, ìdí nìyí tí irú wọn fi máa ń ní kí o kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ ni, kí ó má baà sí ààbò kankan fún ọ. Lórí Facebook tí o ti rí i, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti fòfin de kí ẹnì kan máa ta ìbọn fún ẹnì kejì níbẹ̀, nítorí náà bí ó bá gbówó rẹ, ta ni ìwọ yóò fi ẹjọ́ sùn níbẹ̀?

Bí owó bá ti jáde lọ́wọ́ rẹ kí lẹ́tà yìí tó dé, má fi kún un. Wọn yóò sọ pé ìbọn ti dé ibì kan, pé o gbọ́dọ̀ san owó ìdójútòfò tí wọn yóò dá padà fún ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn lè pè ọ́ pé ọlọ́pàá ni òun, pé o ti ra ìbọn lọ́nà tí kò bófin mu, pé kí o san owó ìtanràn kí wọ́n má baà wá mú ọ. Wọ́n mọ̀ pé àlejò ni ọ́ nílẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ojú yóò tì ọ́ láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Báńkì rẹ ni kí o kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì kọ ẹjọ́ sí ojú ewé IC3 tí FBI ṣe fún jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Má pa ìwé kankan rẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ.

Bí ó bá jẹ́ ará Texas bíi tìrẹ ni o rí, òfin ibẹ̀ gbà kí ẹ ṣe é láàárín ara yín, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Inú ilé ìtajà oníṣòwò náà ni kí ẹ ti pàdé, ní ọ̀sán, kí owó má sì jáde kí o tó fọwọ́ ara rẹ di ìbọn náà mú. Wo nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara irin rẹ̀, bóyá ẹnì kan ti fi fáìlì họ ọ́. Bí wọ́n bá ti họ ọ́, fi í sílẹ̀, kí o máa lọ, nítorí pé níní irú rẹ̀ lọ́wọ́ pàápàá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Ẹ kọ ìwé títà àti rírà, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí nọ́ńbà náà sì wà nínú rẹ̀.

Mú green card rẹ, ìwé ìgbélùú rẹ, dání lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò náà, nítorí wọn yóò bèèrè nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ó jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fi wà níbẹ̀, kí ó má tìtorí pé ìwọ rà á kí òun náà lọ rà, òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ bá a rà á ní orúkọ rẹ, bó ti wù kí ó bẹ̀ ọ́ tó.

Àbúrò mi ní òun kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, òun yóò sì bá ọ lọ sí ilé ìtajà kan tí òun mọ̀. Pè é lálẹ́ òní. Ọkùnrin Florida yẹn, o kò jẹ ẹ́ ní èsì kankan.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó tún ní kí n bi ọ́ ibi tí o fẹ́ máa ti ìbọn náà mọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké nínú ilé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Àkànní