Omi pupa ara steak kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ o

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.

Lẹ́tà ẹnì kan tẹ́ ẹ gbé jáde ló jẹ́ kí n kọ̀wé, ó ní ẹran tútù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń jẹ nílé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta steak, ìyẹn ẹran màlúù tí wọ́n gé nípọn tí wọ́n sì yan, l'Amẹ́ríkà, kí ọmọ Yorùbá kankan má débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí New York níbí ni mò ń gbé, èmi àtìyàwó mi sì máa ń yà sí ọ̀kan nínú wọn nírọ̀lẹ́ Fraidé tá a bá ti jáde níbi iṣẹ́, a ò tiẹ̀ ń múra bí ẹni ń ròde.

Keens lorúkọ ibẹ̀, West 36th Street ní Manhattan ló wà, láti 1885 ni wọ́n ti ṣí i. Tẹ́ ẹ bá wọlé tẹ́ ẹ gbójú sókè, ìkòkò tí wọ́n fi ń mu tábà lẹ máa rí, alámọ̀, ọ̀pá ẹ̀ gùn ó rí tín-ín-rín, wọ́n tò ó mọ́ àjà lọ súà, ó lé ní 50,000. Àwọn oníbàárà ayé ọjọ́un ló ni wọ́n, ilé oúnjẹ ló ń bá wọn tọ́jú ẹ̀ torí kíá ló ń fọ́, kò ṣeé gbé kiri. Ti Theodore Roosevelt tó ṣe ààrẹ wà níbẹ̀, ti Einstein onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀. Nígbà yẹn wọn kì í jẹ́ kóbìnrin wọlé, àfi ìgbà tí Lillie Langtry, òṣèré ará Ìlú Ọba, gbé wọn lọ kóòtù ní 1905 tó sì borí wọn, obìnrin yẹn gbìyànjú gan-an ni.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀ yẹn. Níbi tí wọ́n ti pa màlúù lẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lọ, omi inú ẹran lẹ̀ ń rí yẹn, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní myoglobin ló jẹ́ kó pupa. Ẹran ọ̀hún kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n pa láàárọ̀, wọ́n á ti gbé e sí yàrá tútù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, omi ara ẹ̀ á máa gbẹ, ẹran á máa rọ̀ fúnra ẹ̀, ara ẹ̀ lóde á le á dúdú, wọ́n á wá fọ̀bẹ há dúdú yẹn dànù kí wọ́n tó gbé e síná. Bí omi ẹ̀ ṣe ń gbẹ ladùn ẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi tó o, kò nílò maggi.

Tẹ́rù bá ṣì ń bà yín, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó jinná dáadáa, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ohun tíjọba Amẹ́ríkà ní kí inú ẹ̀ gbóná dé ni 145 Fahrenheit, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 3. Ẹran lílọ̀ ló gbọ́dọ̀ dé 160, torí kòkòrò àrùn tó wà lára ẹran lóde ti wọnú ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́.

Ẹni tí ò fẹ́ màlúù, ẹran àgùntàn gan-an ló sọ Keens dolókìkí, ọ̀rá etí ẹ̀ á ti yan gbẹ, á máa ró kẹrẹkẹrẹ lẹ́nu. Owó ẹ̀ ò kéré, mi ò ní purọ́, àmọ́ ẹyọ kan tó èèyàn méjì í pín jẹ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e jáde, kẹ́ni tó kọ lẹ́tà ọjọ́sí rí i.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Brooklyn