Ẹ tú ọ̀rá oògùn yẹn sórí tábìlì

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé lẹ́tà lórí owó epo àti owó iná ló ń wọlé jù lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún èmi náà láyè díẹ̀, ọ̀rọ̀ tèmi dá lórí àwọn ìyá àti bàbá wa tó jẹ́ pé àìsàn tó ń bá wọn fínra kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe, ó dá mi lójú pé nínú ilé púpọ̀ tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rá oògùn kan wà tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tipẹ́, súgà tẹ̀lé e, orúnkún ń dùn wọ́n débi pé wọ́n á kọ́kọ́ di àga mú kí wọ́n tó dìde, ojú náà dẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n ní gulokómà ni. Ní ọsibítù tá à ń lọ (n ò ní dárúkọ ẹ̀), ọjọ́ Túsìdeè ni ti súgà, Tọ́sìdeè ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ojú lọ́tọ̀, ti orúnkún lọ́tọ̀. Dókítà mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin, owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà míì wọn ò ní rí fáìlì, wọ́n á ṣí témpọ́rárì fún wa, dókítà tó jókòó síwájú wa lọ́jọ́ yẹn ò ní mọ ohun tí èyí tó rí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ. Mi ò dẹ̀ bínú sí wọn o, ẹ wo èrò tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń japa, èyí tó kù ló ń ṣiṣẹ́ èèyàn mẹ́ta.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí màmá ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò dùn wọ́n, ó kàn ń wú ni, tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè dìde. Aládùúgbò kan ní ọwọ́ ayé ni, ẹlòmíì ní iyọ̀ ni, mo gbé iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ títí wọn ò fi jẹun dáadáa mọ́. A lọ rí dókítà, ó kọ Lasix, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀. Háà, ìtọ̀ ọ̀hún! Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn àti ojú tí ò ríran dáadáa, wọ́n dẹ̀ ti mú iná lọ, lóru ọjọ́ kan wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, egungun ò kán, ṣùgbọ́n gbogbo ara ló ń ro wọ́n, ni mo bá sáré lọ kẹ́mísìtì lọ ra diclofenac. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹsẹ̀ tún wú sí i, BP tó ti rọlẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ẹni tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe dókítà. Nọ́ọ̀sì kan ni, obìnrin kúkurú kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá wíńdò níbi tí wọ́n ti ń wọn BP. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó wojú mi, ó ní "Àǹtí, oògùn wo ni màmá ń lò?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ, ó ní rárá o, òun ò fẹ́ orúkọ, kí n gbé ọ̀rá yẹn gan-an wá. Ó tú u sórí tábìlì, oògùn mọ́kànlá. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí ẹ̀gbẹ́ páálí wò, ó ń tò wọ́n bí ẹni to káàdì whot. Nígbà tó yá ó mú méjì, ó fi wọ́n síwájú mi, ó ní kí n kà á. Ọ̀kan, amlodipine 10mg (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni) ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Èkejì, orúkọ iwájú ẹ̀ yàtọ̀, àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà tín-ín-tín tó wà nísàlẹ̀, tí mo ní láti gbé sún mọ́ ojú, amlodipine 10mg ni, wọ́n pò ó mọ́ valsartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míì.

Oògùn kan náà! 10mg dẹ̀ ni òpin ohun tó yẹ kí àgbàlagbà lò lójúmọ́, màmá mi ń gbé 20 mì láràárọ̀, èmi tí mo pe ara mi ní ọmọ gidi ni mo ń bu omi fún wọn. Ẹsẹ̀ wíwú dẹ̀ ni ohun tí amlodipine máa ń fà, tó bá ti pọ̀, wíwú ẹ̀ á pọ̀. Oògùn ló wú ẹsẹ̀, a gba oògùn míì fún ẹsẹ̀ wíwú, ìyẹn ń jí wọn lóru, wọ́n ṣubú, a tún ra oògùn ara ríro, diclofenac tó máa ń ti BP sókè tó dẹ̀ máa ń da kíndìnrín láàmú, pàápàá téèyàn bá ń lò ó mọ́ irú Lasix àti valsartan yẹn. Oníkálukú kọ ohun tó bá ohun tó rí níwájú ẹ̀ mu. Kò sẹ́ni tó rí gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Wàyí o, báwo ni amlodipine ṣe di méjì? Ibẹ̀ lojú ti tì mí. Kí màmá tó wá sọ́dọ̀ mi, ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n ń lo ti àkọ́kọ́, torí látìgbà tí nàírà ti já wálẹ̀ ní 2023 ni owó oògùn ti ń fò, wọn ò fẹ́ máa tọrọ lọ́wọ́ wa. Wọ́n dé ọsibítù, BP ga, dókítà bi wọ́n pé "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?", wọ́n ní "bẹ́ẹ̀ ni sà". Ọmọ tí ò tó àkọ́bí mi ni wọ́n ń pè ní sà o! Dókítà yẹn náà rò pé oògùn ọ̀hún ò kájú ẹ̀ mọ́, ó kọ èyí tó lágbára sí i. Nígbà tí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, èmi wá ń fún wọn ní méjèèjì lójoojúmọ́. Ẹ gbọ́ ná, nọ́ọ̀sì yẹn mọ̀ pé ọjọ́ méjì méjì ni. Màmá ti sọ fún un tipẹ́ nígbà tí wọ́n jọ ń ṣàwàdà níbi wíńdò yẹn, wọ́n tún sọ fún un pé àwọn máa ń gba ààwẹ̀ kí àwọn dẹ̀ lo oògùn súgà síkùn òfìfo, tí súgà ara wọn á já wálẹ̀, tí ara wọn á máa gbọ̀n tí òógùn á bò wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn á ní ẹ̀mí ló gbé wọn. Mo bi í pé kí ló dé tí ò fi sọ fún dókítà. Ó ní ìgbà kan tóun sọ irú ẹ̀, ọ̀gá kan bi òun lójú gbogbo èèyàn pé "ṣé ìwọ ni dókítà ni?" Látọjọ́ náà, òun á wọn BP, òun á kọ ọ́, ó tán.

Mi ò fẹ́ pa òwe àgbájọ ọwọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ti gbọ́ ọ sú. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń gbọ́ ìjà NMA (ẹgbẹ́ àwọn dókítà) àti JOHESU (àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera yòókù) lórí owó oṣù àti lórí ta lọ̀gá ta lọmọ iṣẹ́, kí wọ́n máa jà á lọ l'Ábújá, ṣùgbọ́n ìjà yẹn ti wọ yàrá tí wọ́n ti ń wọn BP ìyá mi. Dókítà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ọmọlúàbí ni. Nọ́ọ̀sì gbé páálí méjèèjì wọlé bá a, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní "Sister, ẹ ṣé", ó fi bírò fagi lé amlodipine kan, Lasix àti diclofenac, ó ní ká lọ yẹ kíndìnrín wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà bàtà màmá tún ti ń wọ ẹsẹ̀ wọn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé òfin wà lórí ẹ̀? Òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti 2014, abala 23, ní kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú fún aláìsàn, tó bá ṣeé ṣe ní èdè tó yé e, kí wọ́n wo bó ṣe kàwé mọ. Èmi náà kàwé o, síbẹ̀ "tds" (ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́) àti "nocte" (lálẹ́) ni wọ́n ń kọ fún wa. Àwa ará Ògùn ò dẹ̀ yẹ ká máa sọ pé irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí jẹ́ ti òyìnbó. Ní 1954, ní Àrò l'Abẹ́òkúta níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ní kí ìbátan tẹ̀lé aláìsàn ọpọlọ wá, wọ́n jọ ń gbé láàárín ará abúlé, wọ́n á wá sọ́sibítù lójúmọmọ, wọ́n á padà lálẹ́. Ìbátan wà lára iṣẹ́ nígbà yẹn. Lónìí tí mo bá tẹ̀lé màmá wọlé, "Madam, ẹ dúró síta."

Ohun tí mò ń bẹ àwọn ọ̀gá ọsibítù ò tiẹ̀ gba owó ńlá. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí àìsàn wọn ju ẹyọ kan lọ, kí nọ́ọ̀sì kan tú ọ̀rá oògùn wọn kí wọ́n tó wọlé, kí ọ̀rọ̀ tó bá sọ ní àyè nínú fáìlì. Àwa tá à ń tọ́jú wọn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àti àgbo àti ààwẹ̀ àti oògùn tówó ò ká. Mo ti ra ìwé twenty leaves kan ní tèmi, gbogbo ohun tí màmá ń gbé mì ló wà níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó kọ ọ́, dókítà ojú tiẹ̀ ní kí n jẹ́ kóun yà á ní fọ́tò.

Nọ́ọ̀sì wa yẹn, wọ́n ti gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù míì. Lóṣù tó kọjá mo gbé ọ̀rá jáde níwájú èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹrù yín kúrò lórí tábìlì mi."

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.