Kí ni àwọn olùdókòwò òkèèrè ń fi sílẹ̀ fún Ìbàdàn?

Sí Olóòtú,

Gbogbo ìgbà tí gómìnà kan bá ti òkèèrè dé, ìròyìn kan náà là ń kà: wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, mílíọ̀nù dọ́là báyìí-báyìí ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ọ̀dọ́ á ríṣẹ́. Ẹ̀yin náà kì í fi irú rẹ̀ falẹ̀, ojú ìwé iwájú lẹ máa ń gbé e sí. Mi ò bá olùdókòwò jà o. Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Mọ́kọ́lá, páálí àti ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọjà là ń tẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ṣí, oníbàárà lè ti ibẹ̀ wá. Àmọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ máa ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wá nínú ìròyìn yẹn, mi ò sì rí i rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Leyland. Láyé ológun, láàárín ọdún 1970 sí 1980, ni ìjọba pín ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ káàkiri: Peugeot lọ sí Kàdúná, Volkswagen lọ sí Èkó, Leyland ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn. A yangàn. Ṣùgbọ́n láti òkèèrè ni ẹ̀yà ọkọ̀ ti ń wá, títò nìkan ni tiwa. Ètò wà pé díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa ra ẹ̀yà nílé, kò sì dé ibi tí wọ́n fojú sí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já lẹ́yìn 1980, tí dọ́là wọ́n, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n tò?

Ti Procter & Gamble ṣì tutù nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló mọ ilé-iṣẹ́ àwọn oní-Ariel yìí ní Olúyọ̀lé, n'Ìbàdàn níbí. Ní oṣù Kejìlá 2023, wọ́n kéde pé àwọn ò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé kíkó wọlé làwọn yóò máa kó o. Wọ́n ní ó ṣòro fún ẹni tó ń fi dọ́là ṣírò èrè. Mi ò lè bá wọn jiyàn. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni ìjọba tú náírà sílẹ̀, pé kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,400 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn, ti kéde tiwọn ṣáájú P&G, ní oṣù Kẹjọ 2023.

Ẹni tó ń lọ ò ṣe é so mọ́lẹ̀. Ohun tó yẹ ká máa dù ni èyí tí kò ní bá a lọ. Ilé-iṣẹ́ àjèjì kan wá bá mi nígbà kan, wọ́n wo páálí mi, wọ́n ní kò lágbára tó, wọ́n bá ń rà á láti òkèèrè. Òmíràn sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, àmọ́ wọ́n rán òṣìṣẹ́ wọn kan wá. Ó kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn ìnípọn bébà, bó ṣe yẹ kí gọ́ọ̀mù gbẹ tó kí wọ́n tó to páálí lé ara wọn. Àwọn yẹn ti kó kúrò n'Ìbàdàn. Irú páálí tí wọ́n kọ́ wa là ń ṣe fún àwọn oníbisikíìtì ọmọ ilẹ̀ wa títí di òní.

Ó dùn mí láti sọ pé ilé-iṣẹ́ sìgá wà lára àwọn tó ṣe irú èyí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toll Gate ni British American Tobacco kọ́ tiwọn sí, 150 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n ṣí i ní 2003. Bí ọmọ mi bá fẹnu kan ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni. Síbẹ̀, wọ́n ra ewé tábà lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn. FrieslandCampina WAMCO, àwọn oní-mílíìkì Peak, náà ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn darandaran lágbègbè yẹn kan náà, èyí sì wù mí ju sìgá lọ.

Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ máa ya gbèsè sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìdókòwò fún wa. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, gbèsè China ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àwa la ó san án. Àjọ NBS, àwọn tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ní nǹkan bí 3.9 bílíọ̀nù dọ́là wọ Nàìjíríà láti òkèèrè ní 2023. Èyí tó jẹ́ ìdókòwò gan-an nínú ẹ̀ kò ju nǹkan bí 377 mílíọ̀nù. Ìyókù jẹ́ owó yíyá àti owó tó ń wá èlé kíákíá, tó sì lè jáde lọ́la.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Borensztein àti ẹni méjì mìíràn wo orílẹ̀-èdè 69 tó ń gòkè bọ̀. Ohun tí wọ́n kọ ní 1998 ni pé ibi tí ẹ̀kọ́ ará ìlú bá ti dé ìwọ̀n kan ni owó àjèjì ti ń mú ọrọ̀ ajé dàgbà ju owó onílé lọ. Lọ́dún kejì, Aitken àti Harrison fi hàn pé ní Venezuela, bí àjèjì ṣe ń pọ̀ sí i nínú iṣẹ́ kan ni iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ onílé ń rẹ̀yìn. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ ti ń wo àwòrán ẹ̀rọ lára bọ́ọ̀dù, tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ, báwo ló ṣe fẹ́ mú ọmọ dé ìwọ̀n ẹ̀kọ́ yẹn?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ fi yọ̀ǹda owó-orí ọdún mẹ́ta, tó lè di márùn-ún, fún ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá kà sí aṣáájú (pioneer), kí òfin owó-orí tuntun tó fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2026. (Èmi ti ń san tèmi látìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó yọ̀ǹda kọ́bọ̀.) Kí wọ́n máa yọ̀ǹda o, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé olùdókòwò yóò ra ìdá báyìí nílé, yóò sì kọ́ àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wọn níṣẹ́. Kí wọ́n sì tẹ àdéhùn náà síta ká rí i.

Ẹ̀yin náà, ẹ má jẹ́ kí ó parí sí ojú ìwé iwájú. Ẹ rán oníròyìn kan lọ sí Olúyọ̀lé. Kó béèrè lọ́wọ́ onípáálí, onílọ́rì àti àwọn olóúnjẹ ẹnu géètì, iye tí wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀ àti iye tí wọ́n ń tà báyìí. Bó bá ya Mọ́kọ́lá, màá fi ìwé ọjà tèmi hàn án.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Atẹ̀wé kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn