Kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì ló ń dá tírélà dúró

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo rí ìdáhùn tí ẹ fún òǹkàwé kan lójú-ewé ọkọ̀ yín, ẹni tó ní òun fẹ́ ra tírélà kékeré tí òun á máa so mọ́ ìdí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òun. Ẹ ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹ ní bí ẹ́ńjìnnì bá ti lágbára, ohun tó bá wù ú ni kó fà, àti pé eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ rẹ̀ náà ló gbà fún un pẹ̀lú tírélà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni kí n máa de irin ìfàkọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, kí n sì máa tún bíréèkì irú tírélà bẹ́ẹ̀ ṣe. N kò lè ka èyí tán kí n pa ìwé ìròyìn dé kí n máa bá tèmi lọ.

"Ọ̀gá, ṣé á fà á?" Ohun tí gbogbo wọn ń bi mí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ṣé á lè dá a dúró. Fífà kì í fi bẹ́ẹ̀ le. Ọkọ̀ kékeré lè wọ́ tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí olówó rẹ̀ kò bá kọ òórùn kílọ́ọ̀ṣì tó ń jó. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìgbà tí iná pupa bá tàn lójijì lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ẹrù tó wà lẹ́yìn kò sì mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú ti tẹ bíréèkì.

Ní Yúróòpù, kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tó kọ iye tí ọkọ̀ náà lè fà sílẹ̀, ọkọ̀ ọ̀hún pẹ̀lú tírélà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbéra lójú òkè tó ga sókè ní mítà 12 nínú mítà 100, lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì àti jíà ni irú ìyẹn ń dán wò, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ méjì tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ ọ̀kan náà fi lè ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, tí ìyàtọ̀ wọn kò ju pé ọ̀kan jẹ́ jíà ọlọ́wọ́, èkejì jẹ́ èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti máa rí ìwọ̀n náà kò jìnnà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń gbá mọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Páànù pẹlẹbẹ kan tàbí àlẹ̀mọ́ wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà títí wọ́n á fi ta ọkọ̀ náà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, ìwọ̀n mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Èkíní ni ibi tí ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ, tòun ti èrò àti ẹrù inú rẹ̀. Èkejì ni ti ọkọ̀ àti tírélà lápapọ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti táyà iwájú, ẹ̀kẹrin ti ẹ̀yìn. Bí ìlà kìíní bá jẹ́ 1,900, tí ìkejì jẹ́ 3,300, ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá: kílò 1,400 ni tírélà lè wọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá kún. Ẹ tún wo ìwé ọkọ̀, nítorí ìwé lè dá iye tó kéré sí ìyẹn. Ẹ wo irin ìfàkọ̀ náà, ó ní tirẹ̀ lára. Ẹ wo páànù tírélà. Èyí tó bá kéré jù nínú gbogbo wọn lẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Bí ìlà kejì bá wá ṣófo, a jẹ́ pé wọn kò ṣe ọkọ̀ yẹn láti fa nǹkankan.

Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ oníná wá bá mi, irú èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá fẹsẹ̀ kan pẹ́dà rẹ̀ báyìí, àga á gbá yín lẹ́yìn. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo fìka hàn án: kò sí nǹkankan ní ìlà kejì. Ó bínú. Ó ní agbára ọkọ̀ òun ju ti gbogbo ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà mi lọ. Òótọ́ ló sọ. N kò de nǹkankan mọ́ ọn.

Ti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń da ọ̀rọ̀ rú. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tó ní ìwé àṣẹ B lásán, ìyẹn ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, lè fa tírélà tí kò ju kílò 750. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ àti tírélà lápapọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 3,500. Ẹni tó bá fẹ́ dé 4,250 máa gba B96, ẹni tó fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ máa gba BE. Ní Bìrìtéènì, ẹni tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 1997 ní láti ṣe ìdánwò mìíràn kó tó lè fa tírélà ńlá, títí di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021 tí wọ́n mú ìdánwò náà kúrò. Láti ìgbà náà, ìwé àṣẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti tó fún tírélà tó dé kílò 3,500. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń pè mí pé òfin ti sọ pé ọkọ̀ wọn lè fa tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àṣẹ awakọ̀ ni ìjọba yí padà, wọn kò fi kílò kan kún ti ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Tírélà tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ ni mo máa ń bá àwọn oníbàárà jà lé lórí jù. Kílò 750 ni òpin rẹ̀ ní Bìrìtéènì, gbogbo wọn ló mọ ìyẹn. Èyí tí wọn kì í rántí ni pé kò tún gbọdọ̀ ju ìdajì ìwúwo òfìfo ọkọ̀ tó ń fà á lọ. Ọkọ̀ tó bá wọ̀n 1,200, kò ní 750 kankan, 600 ni tirẹ̀. Tírélà náà pẹ̀lú irin àti pákó rẹ̀ lè ti wọ̀n 200 lófìfo, kílò 400 péré ló kù fún ẹrù. Ẹ wá lọ wo bí wọ́n ṣe ń kó yanrìn tútù sínú rẹ̀. Yanrìn tútù tó kún àpótí tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, ó súnmọ́ tọ́ọ̀nù méjì. Ojú kò lè wọn yanrìn.

Èyí tó ní bíréèkì pàápàá, kì í ṣe ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ bá dín eré kù, tírélà á rọ́ síwájú, ọ̀pá ìfà rẹ̀ á wọlé díẹ̀, ìwọlé yẹn ló ń fa okùn bíréèkì. Bí ọ̀pá yẹn bá ti dípẹtà tí kò wọlé mọ́, orúkọ lásán ni bíréèkì ń jẹ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tí a ń kọ́ mọ́ ìdí ọkọ̀: bí tírélà bá já kúrò, òun ló máa fa bíréèkì ọwọ́ tírélà sókè kí okùn náà tó já. Mo ti bá a níbi tí wọ́n ti fi wáyà dè é mọ́ ara tírélà fúnra rẹ̀ kó má baà máa wọ́ nílẹ̀. Ṣé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n pè é ni?

Ìwọ̀n tí ẹnu tírélà fi ń tẹ bọ́ọ̀lù irin ìfàkọ̀, orí roboto tí a ń kọ́ tírélà mọ́, náà ní òpin. Kílò 75 ni ti ọkọ̀ mìíràn, 100 ni ti òmíràn, wọ́n kọ ọ́ sára irin náà. Obìnrin kan wọ́ tírélà wá, ó ní ó ń fì lẹ́yìn òun bí òun bá ti ń sáré díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré ló wà nínú rẹ̀, ìdí pátápátá ni wọ́n kó méjèèjì sí nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà. Mo tú u kúrò lára bọ́ọ̀lù, ìka méjì ni mo fi gbé ẹnu rẹ̀ sókè, tírélà tó lé ní kílò 900! A ti jẹnẹrétọ̀ síwájú títí ó fi kọjá ọ̀gangan táyà díẹ̀. Mo gbé òṣùwọ̀n ilé sílẹ̀, irú èyí tí a ń gùn láti mọ bí a ṣe sanra tó, mo nà igi tí mo gé lọ́gbọọgba sórí rẹ̀, mo sì gbé ẹnu tírélà lé orí igi náà. Òṣùwọ̀n mú 65. Ó wà á lọ, ó sì pè mí láti ojú ọ̀nà pé kò fì mọ́. Ní Yúróòpù, 5 sí 7 nínú 100 ìwúwo tírélà la máa ń fẹ́ kó tẹ bọ́ọ̀lù. Ní Amẹ́ríkà, 10 sí 15 ni wọ́n ń lò.

Ó ku ti eré, èyí tó jẹ́ kí n mú kálàmù gan-an. Ní Bìrìtéènì, máìlì 70 ní wákàtí kan lórí márosẹ̀ á di 60 bí ọkọ̀ bá ti fa tírélà. Lójú títì tí kò ní ohun tó pín in láàárín, 60 á di 50. Lórí márosẹ̀ tó ní lénì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ rí yín ní lénì ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, èyí tí wọ́n fi ń sáré kọjá níbẹ̀. Ní Jámánì, níbi tí àwọn márosẹ̀ kan kò ti ní òpin eré fún ọkọ̀ lásán, kílómítà 80 ni ti ẹni tó fa tírélà, àfi bí tírélà náà bá yege tí wọ́n sì lẹ àmì 100 mọ́ ọn. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè fún àmì yẹn ni pé kí táyà má tíì pé ọdún 6, bó ti wù kí ara rẹ̀ ṣì nípọn tó. Ní California, máìlì 55 ni.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà ni yín lára. Láti 60 dé 70, 17 nínú 100 ni eré fi lé, ṣùgbọ́n agbára tí bíréèkì ní láti gbé mì fi 36 nínú 100 lé. Láti 80 dé 100, ó fi 56 nínú 100 lé. Ti fífì tún burú jù ú lọ. Tírélà tó fì díẹ̀ lórí eré kékeré á tún ara rẹ̀ tò. Bí eré bá kọjá ibì kan, èkejì á tóbi ju èkíní lọ, ẹ̀kẹta á tóbi ju èkejì. Bó bá dé bá yín, ẹ mú ọwọ́ ọkọ̀ dúró gbọnyin, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí eré máa rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má tẹ bíréèkì gan-in, ẹ má sì gba ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí ẹ tẹná mọ́ ọn kó lè nà tààrà.

Olóòtú, ojú-ewé kan náà tí ẹ fi gbé ìdáhùn yẹn jáde ni mo fẹ́ kí ẹ fi tún un ṣe, kì í ṣe igun kékeré lábẹ́ ìpolówó. Bí òǹkàwé yẹn kò bá sì tíì sanwó tírélà náà, ẹ ní kó ya àwòrán páànù ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ wo ìlà kejì kí ẹ tó tún sọ ohunkóhun fún un.

Èmi ni tiyín,
Adeirin-ìfàkọ̀ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín